Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ gidi fá irùngbọ̀n ní Àbújá, owó ọwọ́ mi ò sì pọ̀

ỌmọKúbwà (Kúbwà, Àbújá)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn àgbà wà níbí.

Ọ́fíìsì kan ní Wúsè ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì fẹ́ rí irùngbọ̀n lójú wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fá a. Lọ́dọ̀ agẹrun àdúgbò mi, ₦1,500 ni lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ₦3,000 lọ́sẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan, ó di ₦156,000. Ni mo bá ra igi ìfárùngbọ̀n oníke tó ní abẹ mẹ́ta lórí, mo ń fá a fúnra mi. Kò tó oṣù kan tí bumps fi bo gbogbo ọrùn mi. Bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bá ti kàn án báyìí, ó ń ta mí bí ata.

Ẹnìkan ní kí n lọ wá abẹ gidi, èyí tó ń ká sínú èèkù, irú tí àwọn onígbàjámọ̀ ń lò. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí wọ́n ṣe ní Jámánì ń bẹ níbẹ̀, owó wọn ga ju agbára mi lọ. ₦20,000 ni mo lè yọ sílẹ̀. Ṣé ó tó bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Ṣé ó sì máa jẹ́ kí ọrùn mi sinmi, àbí màá kàn fi ọwọ́ ara mi dá ọgbẹ́ sí i ni?

Ọ̀gáÚtàkò (Útàkò, Àbújá)

Àbúrò, kú ìbéèrè. Owó rẹ tó, ó tún máa ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n má tíì ra abẹ gidi o. Ra shavette. Abẹ kíká náà ni, àmọ́ kò lójú tirẹ̀. Abẹfẹ́lẹ́ ni wàá máa kì sí i lẹ́nu. Abẹfẹ́lẹ́ olójú méjì tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù yìí náà ni. Má tú u kúrò nínú bébà rẹ̀, fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ láàárín, á ṣẹ́ sí méjì. Ki ìdajì kan sínú rẹ̀. Tó o bá ti fá a tán, kó o jù ú nù.

₦3,500 ni mo ra tèmi. Páálí abẹfẹ́lẹ́ tó ní márùn-ún nínú máa fún ọ ní ìfárùngbọ̀n mẹ́wàá, ìyẹn ọ̀sẹ̀ márùn-ún fún ẹni tó ń fá a lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bíi tìrẹ. Kò sí òkúta ìpọ́nbẹ, kò sí awọ tí wọ́n ń fa ojú abẹ lára kó lè mú, kò sí pé abẹ dógùn-ún. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń lò ó.

BàbáSábóńgàrì (Kánò)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Sábóńgàrì ní Kánò níbí ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, iṣẹ́ gbàjámọ̀ ló sì fi tọ́ gbogbo wa. Ọwọ́ àwọn wánzàmì, ìyẹn àwọn onígbàjámọ̀ Haúsá, ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Aska ni àwọn ń pe abẹ, bí àwa ọmọ náà sì ṣe ń pè é nínú ilé nìyẹn títí a fi dàgbà.

Abẹ́ igi dongoyárò kan ló ń jókòó sí. Tí oníbàárà bá ti jókòó, bàbá mi ò ní fọwọ́ kan abẹ rárá. Á bu omi sínú abọ́ tánganran, á ti ìka mẹ́ta bọ̀ ọ́, á máa fi ra irùngbọ̀n onítọ̀hún. Á ra á, á tún bu omi sí i, á fi ọṣẹ kàn án, á tún máa ra á lọ. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, ó máa ń sú mi. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kúkú fá a. Ó ní, "Omi ló ń fá irun. Abẹ kàn ń kó o nílẹ̀ ni." Ó lé lógójì ọdún tí èmi náà ti ń fá irùngbọ̀n, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jù ú lọ lórí iṣẹ́ yìí.

Torí náà, ọmọ mi, ohun tó ṣe pàtàkì jù ò ná ọ ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yìn ìwẹ̀ ni kó o fá a, nígbà tí irun ti mu omi. Tó ò bá tíì wẹ̀, ti aṣọ ìnujú bọ omi gbígbóná, fún un, fi bo àgbọ̀n títí dé ọrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn gùn tí èèyàn bá ń kánjú lọ sí ọ́fíìsì, mo mọ̀. Tó ò bá ní i, má fá a láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gáÚtàkò dára, owó rẹ̀ kéré lóòótọ́. Ibi tí ẹnu wa ò ti kò ni pé shavette ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi bẹ̀rẹ̀. Abẹfẹ́lẹ́ fúyẹ́, ojú rẹ̀ mú kọjá ohun tí irùngbọ̀n nílò, kì í kìlọ̀. Ọwọ́ rẹ á kàn gbọ̀n díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dé. Abẹ gidi wúwo lọ́wọ́, ìwúwo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ìwọ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Ojú abẹ tí wọ́n ti fà lára awọ máa ń rọ̀ lára ju abẹfẹ́lẹ́ tuntun lọ.

Tí o bá máa ra abẹ, má wo èèkù rẹ̀. Ìwo ni o, ike ni o, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ojú abẹ ni kó o wò. Tòkunbọ̀ tó ti Solingen ní Jámánì tàbí Sheffield ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá lè sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Láti 1938 ni òfin Jámánì ti de orúkọ Solingen, pé ohun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ nìkan ni kí wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n èèyàn lè kọ ohunkóhun sára irin, torí náà yẹ abẹ fúnra rẹ̀ wò. Gbé ojú rẹ̀ sókè sí iná, kó o máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ń kọ mànà lójú abẹ, ibẹ̀ ti kú tàbí ó ti jẹ. Ojú tó mú kì í dán padà sí ọ. Tí ìdógùn-ún bá ti jẹ ihò sí ẹ̀bá ojú rẹ̀, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ìdajì owó rẹ ni kó lọ sórí abẹ. Ìyókù, awọ àti pípọ́n ni.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì (Gwàgwàládà)

Ẹ káàárọ̀ Bàbá, ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ọrùn ọmọ yìí, torí ojoojúmọ́ là ń rí irú rẹ̀ ní ọsibítù.

Irun tiwa ká kóló. Tí abẹ mẹ́ta bá tò léra wọn lórí igi kan, èyí àkọ́kọ́ á fa irun sókè, àwọn tó tẹ̀ lé e á gé e, ìyókù irun náà á wá fà wọ abẹ́ awọ ara. Bó ṣe ń hù padà, ẹnu rẹ̀ tó mú bíi abẹ́rẹ́ á yí, á gún awọ ara láti inú. Ìyẹn ni bumps. Abẹ olójú kan tí a fi fá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, síbi tí irun kọjú sí, ń dín in kù, torí kì í fá a wọlẹ̀ jù.

Mi ò ní tàn ọ́ ṣá o. Má gbé abẹ kankan lé ọrùn tó ti wú báyìí. Dá a dúró fún bí oṣù kan kó rọlẹ̀ ná, fi kílípà gé e kúrú tí ọ́fíìsì bá ń pariwo, tàbí kí o gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Ẹnikẹ́ni tó bá sì jẹ́ pé ọgbẹ́ kékeré lára rẹ̀ máa ń di kelóìdì, àpá tó ń wú tó ń tàn ká yẹn, kò yẹ kó fi abẹ fá irùngbọ̀n rárá. Dókítà awọ ara ni kó lọ rí.

Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún tiyín. Láyé ìjọun, abẹ kan ni wọ́n fi ń fá gbogbo èèyàn tó bá jókòó. Kòkòrò hepatitis B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè wà láàyè lára irin fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. HIV náà ń gba ojú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Fífi spírítì nu abẹ lásán ò tó láti sọ abẹ tó kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn di mímọ́. Abẹ rẹ, tìrẹ nìkan ni: ẹ̀gbọ́n ò gbọdọ̀ yá a, ọ̀rẹ́ tó wá sùn lálejò ò gbọdọ̀ yá a. Tó o bá ra tòkunbọ̀, fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túntún, kí wọ́n tó pọ́n ọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B wà, gbà á.

BàbáSábóńgàrì (Kánò)

Nọ́ọ̀sì, òótọ́ ọ̀rọ̀ lo sọ, mi ò bínú. Èmi fúnra mi ò fá ẹlòmíràn mọ́ láti bí ogún ọdún, ìdí rẹ̀ náà nìyẹn.

AláwọKàdúná (Kàdúná)

Iṣẹ́ bàtà ni mò ń ṣe, torí náà ti awọ ni màá sọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta awọ olówó ńlá fún yín. Ilẹ̀ Haúsá la wà, ibí ni awọ ti ń lọ sókè òkun láti ayé àwọn ràkúnmí. Ẹ lọ bá oníbàtà tó wà nítòsí yín, ẹ ní kó fún yín ní àjẹkù awọ màlúù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, kó fẹ̀ tó 8. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju gígùn ojú abẹ lọ díẹ̀, ìyẹn á jẹ́ kó rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Awọ ewúrẹ́ rẹwà, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ jù. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni awọ tí wọ́n fi èso igi bagaruwa ṣe, irú tí wọ́n ṣì ń ṣe ní Májẹ́mà ní Kánò. Ó máa ń ní òórùn igi, tó o bá fi àtẹ́lẹwọ́ rà á, ó á dà bíi pé ó ń fa ọwọ́ rẹ padà díẹ̀. Fífà díẹ̀ yẹn gan-an la ń wá. Awọ tí wọ́n ti kun ọ̀dà tó ń dán sí lójú ò wúlò, abẹ á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni.

Fi gọ́ọ̀mù oníbàtà lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tó tẹ́jú, kí ojú tó dán wà lókè. Gbé nǹkan wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Fi sáńpépà tó kúná jù ra á fẹ́ẹ́rẹ́, nu eruku rẹ̀ kúrò, kí o wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Òróró ara ọwọ́ rẹ tó o. Má da òróró sísè sí i. Nígbà ọyẹ́, awọ máa ń gbẹ á le, ẹ tún máa fi ọwọ́ ra á nígbà náà.

Mo máa ń fún àwọn tó bá wá bá mi ní ₦2,000, pẹ̀lú pákó rẹ̀.

ỌmọKúbwà (Kúbwà, Àbújá)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Àǹtí, mo ti gbé abẹ olójú mẹ́ta yẹn jù. Mo lọ bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ó gbà kí n fi kílípà gé e fún oṣù kan.

Ìbéèrè mi báyìí: Bàbá, báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń fa abẹ lára awọ? Níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ lójú? Àti ẹni tó bá ti ra abẹ tuntun olówó kékeré rí, kí ni ojú rẹ̀ rí?

ỌmọJos (Jos)

Èmi ni mo lè dáhùn ìyẹn. Gold Dollar 66 ni mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, abẹ Ṣáínà ni. Irin rẹ̀ dára. Ojú rẹ̀ ni wàhálà. Bó ṣe ti páálí jáde, kò lè fá irun apá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lé ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò tẹ́jú dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yìn abẹ ló ń sọ fún òkúta bó ṣe yẹ kí ojú rẹ̀ dúró: èèyàn máa ń tẹ́ ẹ̀yìn àti ojú sórí òkúta pọ̀ ni, kò ní gbé ẹ̀yìn sókè rárá.

Mo fi òkúta ìpọ́nbẹ 1000 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni òkúta ṣe ń kúná tó) la ojú rẹ̀, mo gbé e lọ sórí 4000, lẹ́yìn náà 8000. Odindi Sátidé kan ló gbà. Owó òkúta wọ̀nyẹn ju owó abẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìmọ̀ràn mi sí ọ ni pé kí o san owó fún ẹni tó ti ní òkúta, kó bá ọ pọ́n ọn. Tí wọ́n bá ti pọ́n ọn tán tí o sì ń fà á lára awọ kí o tó fá a nígbàkúùgbà, ó lè tó oṣù mẹ́ta kí o tó tún nílò òkúta.

BàbáSábóńgàrì (Kánò)

Ọmọ mi, tẹ́ abẹ sórí awọ, ẹ̀yìn àti ojú lápapọ̀. Ẹ̀yìn ni kó ṣáájú, kí ojú máa tẹ̀ lé e. Tó o bá jẹ́ kí ojú ṣáájú, wàá gé awọ, wàá sì ba ojú abẹ jẹ́. Tí o bá dé òpin, yí abẹ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ̀yìn má kúrò lára awọ, kí o wá máa fà á bọ̀. Ọgbọ̀n ìgbà, lílọ bíbọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Má tẹ̀ ẹ́. Má kánjú rárá. Ìró rẹ̀ ni kó o máa gbọ́: ó gbọ́dọ̀ máa dún fẹ́ẹ́ bíi ẹni ń gbá ilẹ̀ ní yàrá kejì.

Ní ti ojú rẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ibẹ̀ tẹ́jú, abẹ ò ní ṣìnà. Fi ìka ọwọ́ kejì di awọ ara mú láti òkè, ní ẹ̀bá etí, kó tẹ́ díẹ̀. Ìka gbọ́dọ̀ gbẹ. Tó bá ń yọ̀, fi ìka kan álọ́ọ̀mù, á mú. Gbé ojú abẹ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ga sókè kúrò lára rẹ níwọ̀n ìlọ́po méjì sísanra ẹ̀yìn náà, ìyẹn bíi dígírì 30. Tí ẹ̀yìn bá ga jù, á gé ọ. Tó bá sùn jù, á máa fa irun tu. Kúkúrú kúkúrú ni, lọ sísàlẹ̀ síbi tí irun kọjú sí. Abẹ kò gbọdọ̀ rìn sí ẹ̀gbẹ́ láéláé, bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ẹran nìyẹn.

Ọrùn di ọ̀sẹ̀ kẹta. Àgbọ̀n àti òkè ètè ló kẹ́yìn. Gògóńgò, gbé itọ́ mì kó lè kúrò lọ́nà, tàbí kó o fa awọ ara ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó o tó fá a. Ibi tó ò bá tíì lè dé, kílípà ni kó o fi parí rẹ̀.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì (Gwàgwàládà)

Bàbá, mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹni tí bumps ń yọ lẹ́nu ni kó má fa awọ ọrùn le jù. Tó bá le jù, irun tí a gé á tún sá wọ abẹ́ awọ ara bíi ti abẹ mẹ́ta yẹn. Kó tẹ́ díẹ̀ ti tó. Kó má sì yí abẹ padà kó dojú kọ irun, bó ti wù kí ó wù ú kí ojú máa dán tó.

AlájìMìnnà (Mìnnà)

Salaam alaikum. Èmi dá irùngbọ̀n sí nítorí súnnà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìsàlẹ̀ ọrùn nìkan ni mò ń tún ṣe. Abẹ ni mò ń lò láti ọdún mẹ́fà, abẹ ló sì ń fà á gún régé ju kílípà lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ni omi. Omi kànga àfẹ̀rọgbẹ́ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa níhìn-ín le, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé ọṣẹ mi ni kò dára. Lọ́jọ́ kan tí kò sí omi, tí mẹ́ruwà tó ń ta omi ò sì dé, mo fi ìdajì píọ́ wọ́tà po ọṣẹ, ó hó títí ó fi kún abọ́. Láti ìgbà náà, omi kànga fún ìwẹ̀, píọ́ wọ́tà tàbí omi òjò fún ọṣẹ irùngbọ̀n.

Búrọ́ṣì ₦2,000 tó. Ọṣẹ, èyí tí kò ta ọ́ lára ni kó o lò. Ọṣẹ dúdú hó dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń gbẹ ojú, ní àkókò ọyẹ́ pàápàá. Díẹ̀ ni kó o lò, má sì jẹ́ kó pẹ́ lójú. Nígbà ọyẹ́ náà, ọṣẹ máa ń gbẹ mọ́ ojú kí èèyàn tó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ni kó o pa ọṣẹ sí, kó o fá a, kó o tó pa á sí èkejì. Tí o bá parí, omi tútù, kó o fi álọ́ọ̀mù tútù ra á. Á ta ọ́ níbi tí ọwọ́ rẹ ti wúwo, ìyẹn á kọ́ ọ níbi tó yẹ kó o ṣọ́ra lọ́jọ́ mìíràn. Fọ̀ ọ́ kúrò, kó o fi òrí díẹ̀ pa á.

Ọ̀gáÚtàkò (Útàkò, Àbújá)

Ọ̀rọ̀ omi yìí, Alájì, ẹ ti là mí lójú. Mo ti ń pààrọ̀ ọṣẹ kiri.

ỌmọKúbwà (Kúbwà, Àbújá)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù kan àti ọjọ́ mélòó kan ti kọjá, mo ní kí n jábọ̀.

Ọrùn mi ti rọlẹ̀ nígbà tí mi ò fá a. Mo ra Gold Dollar bíi ti ỌmọJos, ₦9,500 ló dé ọwọ́ mi. Mo gba awọ lọ́wọ́ oníbàtà kan ní Nyányà, mo ṣe é bí AláwọKàdúná ṣe sọ, ₦1,500 pẹ̀lú pákó. Búrọ́ṣì ₦2,000. Álọ́ọ̀mù ₦300. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦13,300. Òrí wà nílé tẹ́lẹ̀, ìyá mi ló fi ránṣẹ́.

Nígbà tí Bàbá rí i pé mo ti ra abẹ, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n má wá ẹni tó máa pọ́n ọn kiri, kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn ní Kánò. Mo fi sí mọ́tò nínú páálí bàtà. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ó padà dé. Wọ́n fi bébà ìwé ìròyìn wé e, wọ́n sì fi òróró maṣíìnì díẹ̀ pa á lára kó má dógùn-ún. Bébà kékeré kan wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i pé: "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan." Wọn ò gba owó lọ́wọ́ mi, owó mọ́tò nìkan ni mo san.

Ìfárùngbọ̀n àkọ́kọ́ gbà mí ní ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo gbé e dé ẹ̀bá etí. Mo gbé e sílẹ̀, mo tún pa ọṣẹ sí i, mo mí, mo tún gbé e. Ìgbà tó kọ́kọ́ rìn sísàlẹ̀, mo gbọ́ ìró irun tó ń gé, bíi iyẹ̀pẹ̀ tó ń dà sórí bébà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mọ́. Ti òsì ni mo ti gé ara mi díẹ̀ lẹ́bàá àgbọ̀n, torí ọwọ́ òsì ò tíì mọ̀ ọ́n. Álọ́ọ̀mù dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró.

Mo gé awọ tí mo ń fa abẹ lára níbì kan lọ́jọ́ kejì, mo gbé ojú abẹ sókè nígbà tí mo ń yí i. Ṣé kí n ra òmíràn ni?

AláwọKàdúná (Kàdúná)

Má ra òmíràn. Tí kò bá jìn, fi sáńpépà ra ibẹ̀ kó tẹ́jú. Tí etí rẹ̀ bá ṣí sókè, fi gọ́ọ̀mù bíńtín lẹ̀ ẹ́, kí o wá rà á. Gbogbo awọ ẹni tó ń kọ́ ọ ló ní irú àpá yẹn.

BàbáSábóńgàrì (Kánò)

Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ìgbà tó o bá ń yí i ni kó o dúró díẹ̀. Dé òpin awọ, dúró, yí i lórí ẹ̀yìn, kó o tó máa bọ̀. Ìyára á wá fúnra rẹ̀.

Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá, má fi abẹ sílẹ̀ ní balùwẹ̀. Fi omi ṣan án, nù ún gbẹ, títí kan ibi tó ti ń ká wọ èèkù, fi òróró kan án, gbé e sí yàrá. Má sè é, má rì í bọ omi gbígbóná. Èèkù á bàjẹ́.

TúndéLúgbè (Lúgbè, Àbújá)

Ẹ jọ̀wọ́, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí kodoro ni mò ń dá. Ṣé mo lè fi abẹ yìí fá orí ara mi?

BàbáSábóńgàrì (Kánò)

Má ṣe é ní tìrẹ, Túndé. Iwájú orí ṣeé ṣe fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n o ò rí ìpàkọ́ rẹ, awọ ibẹ̀ sì ń ká. Ìpàkọ́ ni bumps tó ń di kelóìdì ti wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin wa. Fi kílípà gé e kúrú.

ỌmọKúbwà (Kúbwà, Àbújá)

Oṣù mẹ́ta ti pé. Mo ti ń fá ọrùn báyìí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ sísàlẹ̀, mi ò fa awọ rẹ̀ le. Irun díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù tí èèyàn lè fọwọ́ bà, kò sẹ́ni tó rí i ní ọ́fíìsì. Bumps méjì ló yọ láti ìgbà náà, abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, níbi tí irun mi ti hù dojú kọ òkè tí mi ò mọ̀. Mo ti fi ìka wá ọ̀nà irun ibẹ̀ nísinsìnyí, òkè ni mo ń fá a sí níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń gbà mí, omi gbígbóná wà nínú rẹ̀.

Bàbá, abẹ náà ti ń fa irun díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kódà lẹ́yìn tí mo ti fà á lára awọ lọ́gbọ̀n ìgbà. Mo ti wé e sínú bébà ìwé ìròyìn kan náà. Mọ́tò Kánò ti àárọ̀ Sátidé ló máa gbé e bọ̀. Mo fi owó pípọ́n sínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a padà.